Ọkàn Tí Kì Í Ṣe Ti Ẹnì Kankan

Dorcas fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Olùkọ́ físíìsì ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ bá ti parí, yóò ti ju aṣọ méjì sínú báàgì, ó di garéèjì, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọkùnrin ló ń wá lọ. Ọkùnrin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sọ. Ìbùkúnọlá ni, ẹni tó kàwé ẹ̀rọ dé òkè òkun, tó padà wálé, tó sì sọ yàrá méjì nínú ilé baba rẹ̀ di ilé ìwádìí. Ó níyàwó, ó bímọ, kò sì fi ojú kejì wo Dorcas rí. Bọ̀dá Ìbùkún ni Dorcas ń pè é, ó sì fọkàn tán an bí èèyàn ṣe ń fọkàn tán ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ọkàn aláìsàn ni wọ́n ń ṣe. Wọn yóò so irin pẹlẹbẹ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ onítọ̀hún, wáyà yóò gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀rọ, bí ọkàn bá sì ṣe ń lù, ìlà aláwọ̀ ewé kan yóò máa fò sókè lójú gíláàsì tó dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ti Ìbùkúnọlá kò tilẹ̀ mọ níbẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí bàtà lọ, tí àwọn òyìnbó yóò bá wọn gbé lọ sójú ọ̀run, kó máa yí ayé po, kó máa ránṣẹ́ wálẹ̀ sí wọn. Bí wọ́n bá fi í rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Iṣẹ́ kan náà ni. Ohùn tínńtín là ń wá láàárín ariwo. Ẹni tí kò lè gbọ́ ọkàn èèyàn tó jókòó tì í, ṣé ti ojú ọ̀run ló fẹ́ gbọ́?"

Ariwo yẹn gan-an ló fẹ́ pa wọ́n. Iná NEPA, nígbà tó bá wà, a máa kùn wọnú gbogbo wáyà, ìlà ọkàn a sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí NEPA bá sì mú iná wọn lọ, ìkùn a dákẹ́, ẹ̀rọ náà a dákẹ́ pẹ̀lú. Dorcas ló gba ìjà yẹn ṣe. Ó kọ́ ohun kan tí òun àti Ìbùkúnọlá ń pè ní asẹ́, pátákó pelebe kan tí nǹkan wínníwínní kún orí rẹ̀, tí yóò sẹ́ ìkùn NEPA kúrò, tí yóò sì jẹ́ kí ti ọkàn kọjá. Bó ṣe ń tún tibí ṣe ni tọ̀hún ń bàjẹ́. Ìka rẹ̀ kò tán lójú iná, àlá rẹ̀ kò kọjá wáyà.

Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sinmi. Títílọlá ni orúkọ màmá, òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń tà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ó sì ti ṣubú lulẹ̀ nídìí ọjà rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, pé ó ń fo ìlù. Ó fún un ní oògùn tí kò gbọdọ̀ fi ṣeré, ó ní kó máa padà wá lóṣooṣù. Ara ìjọ Aládùúrà sì ni màmá, àwọn aláṣọ funfun tí omi àdúrà tó fún. Ẹ̀bẹ̀ ni Dorcas fi ń mú un lo oògùn náà. "Àmọ̀kẹ́," ni màmá yóò wí, nítorí oríkì ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè é, àfi tí inú bá bí i, "nítorí tìẹ ni mo ṣe ń gbé nǹkan kíkorò yìí mì o. Kì í ṣe nítorí dókítà."

Ní ọdún 1988, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní àwọn ń bọ̀ wá wo ohun tí Ìbùkúnọlá ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Bó bá dára, àwọn yóò fún un ní ilẹ̀, àwọn yóò sì kọ́lé ìwádìí sí i. Ìbùkúnọlá ní kì í ṣe ọ̀dọ́ tára rẹ̀ le ló yẹ kí àwọn so mọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, pé ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu ni, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ àwọn àgbà lára. Ó ní, "Ṣé màmá ò ní bá wa dé ibí?" Dorcas bẹ màmá, màmá gbà.

Lọ́jọ́ náà, NEPA kò mú iná lọ. Màmá jókòó nínú aṣọ òkè rẹ̀, wáyà lọ́wọ́, wáyà lẹ́sẹ̀, ojú ń tì í díẹ̀. Ìbùkúnọlá tan ẹ̀rọ. Ìlà náà yọ, ó mọ́ kedere, ó fò sókè, ó bọ́ sílẹ̀, ó tún fò, kò gbọ̀n, kò fo ẹyọ kan. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Ìbùkúnọlá kọjú sí Dorcas níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Asẹ́ rẹ ṣiṣẹ́, Dorcas! Ẹ bá mi kí i, òun ló ṣe é." Dorcas bú sẹ́kún. Ẹni tó bá ti forí ṣe iṣẹ́ títí tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní wèrè ni yóò mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀.

Màmá fa aṣọ rẹ̀. "Ọkàn mi nìyẹn?"

"Ọkàn yín ni, Màámi."

"Kò fo ìlù mọ́?"

"Kò fo ìlù mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Dorcas gbà pé oògùn ló ṣe é. Màmá gbà pé àdúrà ni. Kò sí èyí tó bi ara rẹ̀ nínú wọn bóyá nǹkan kẹta wà tó lè ṣe é.

Nínú ìjọ tiwọn, ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fẹnu lásán sọ. Ẹni tó bá bọ́ síwájú pé Ọlọ́run wo òun sàn, tó tún padà sídìí oògùn, ó ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ lójú gbogbo ènìyàn nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, màmá bọ́ síwájú. Ó ní àwọn tó mọ ìwé ti gbé ọkàn òun síta, òun sì ti fojú ara òun rí i pé ó ti sàn. Ó fa Dorcas dìde. Dorcas ní, "Mo fojú mi rí i." Halelúyà gba ilé. Bí wọ́n ṣe délé, màmá kó gbogbo oògùn rẹ̀, ó dà á sí ààtàn.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò ná."

"Kí ló fẹ́ rí tí ẹ̀rọ rẹ ò rí?"

Ó yẹ kí Dorcas fèsì. Kò fèsì, nítorí inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. Ìgbéraga nìyẹn, kò lórúkọ mìíràn.

Oṣù kan lé díẹ̀ kọjá tí iṣẹ́ ìdánwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jẹ́ kí Dorcas ráyè lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Dorcas dé ilé ìwádìí, wọ́n ní Ìbùkúnọlá ti lọ wo ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ fún un. Dorcas ní kóun wo ọkàn tòun náà kó tó dé. Ó tan ẹ̀rọ, ó wá ń wá irin pẹlẹbẹ tí yóò so mọ́ra. Bó ṣe gbójú sókè, ìlà aláwọ̀ ewé ti ń fò. Ó mọ́ kedere, kò gbọ̀n, kò fo ẹyọ kan. Ó wo àwọn wáyà: gbogbo wọn rọ̀ sára ìṣó lára ògiri. Kò sí ẹni tí wọ́n so mọ́ nǹkan kan.

"Ọkàn ta wá nìyí?" Ó sọ ọ́ síta, òun nìkan nínú yàrá.

Ó pa á, ó tún un tan. Ọkàn ń lù. Ó wá ṣí ikùn ẹ̀rọ náà. Asẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, kò kan nǹkan kan mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí kékeré kan wà pẹ̀lú bátìrì, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe àfarawé ọkàn tí wọ́n bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò. Ẹni tó jó o pọ̀ kò kánjú rárá, gbogbo oríkèé rẹ̀ ń dán. Dorcas mọ ọwọ́ náà. Ọwọ́ tó kọ́ òun ní iṣẹ́ ni.

Orí àga ló wà tí Ìbùkúnọlá fi wọlé, tó ń rẹ́rìn-ín, tí amọ̀ ilẹ̀ tuntun wà ní bàtà rẹ̀. Ó rí ikùn ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò.

"Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ," ló wí.

"Ẹ ní asẹ́ mi ṣiṣẹ́."

"Yóò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá ni kò tíì ṣiṣẹ́. Ṣé kí n wá ní kí àwọn àgbà padà sílé? Bí mo bá sọ fún ẹ, ojú rẹ á tú wa fó. Ìwọ ò mọ irọ́ pa." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yìn ín. "A ti rí ilẹ̀ gbà. Bí a bá kọ́lé tán, a ó ṣe é dáadáa, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Màámi ti da oògùn wọn nù."

Ìbùkúnọlá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Èmi ò sọ pé kí wọ́n da oògùn nù. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n gbà yín gbọ́?" ni Dorcas bi í. "Wọn ò mọ̀ yín rí. Èmi ni mo gbà yín gbọ́. Èmi ni wọ́n gbà gbọ́."

Ó tú asẹ́ rẹ̀ kúrò, ó fi í sínú báàgì. Ìbùkúnọlá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe láti bẹ̀bẹ̀, láti ní kó má tíì jẹ́ kí ẹgbẹ́ gbọ́ ni. Nínú mọ́tò tó gbé e padà sí Ọ̀yọ́, Dorcas kò rí igbó, kò rí ìlú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kì í ṣe irọ́ náà ló dùn ún jù. Ìyìn yẹn ni, tí wọ́n fún un níwájú àwọn èèyàn, tí ẹni tó yìn ín mọ̀ pé òfo ni.

Ó bá màmá lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Dorcas kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Màmá gbọ́ ọ tán.

"Ta ló sọ fún mi pé ọkàn mi ni?"

"Èmi ni, Màámi."

"Mo bi ọ́ o, Dorcas. Mo fa aṣọ rẹ, mo bi ọ́."

"Ẹ bi mí. Ẹ dìde, ká lọ sọ́sibítù. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

"Kí n gbé ẹsẹ̀ wo lọ? Ẹsẹ̀ tí mo fi bọ́ síwájú ìjọ? Kí wọ́n ní Títílọlá purọ́ mọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ orí rẹ̀?" Ó kọjú sí ògiri. "Fi mí sílẹ̀ ńbẹ̀. N ó kú pẹ̀lú ẹ̀rí mi."

Dorcas bẹ̀ títí, màmá kò tún yíjú padà. Ó wá yé Dorcas pé kò sí bí òun ṣe lè fi ẹ̀bẹ̀ gbé màmá kúrò lórí ẹní náà. Ibi tí wọ́n ti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ tú u.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn obìnrin méjì ló di màmá mú dé ìjọ. Nígbà tí Wòólì Samuel, olórí ìjọ, béèrè ẹni tó ní ẹ̀rí, Dorcas bọ́ síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

"Ẹ̀rọ tí mo jẹ́rìí sí níbí kò rí ọkàn ìyá mi," ló wí. "Irọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ń lù láìsí ẹnì kankan nídìí rẹ̀, mo fojú mi rí i lánàá."

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbé orin sókè, bí wọ́n ti máa ń ṣe láti fi bo ẹ̀rí tó bá fẹ́ dójú tì wọ́n, ilé sì gbà á. Dorcas dúró síbẹ̀. Wòólì Samuel na ọwọ́ sókè títí orin náà fi kú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ìyá mi ò purọ́. Wọ́n bi mí léèrè, mo ní ọkàn wọn ni. Èmi tí mo kàwé ni mo ní kí wọ́n wò ó. Ara wọn ò tíì yá, ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́, èmi ni mo fi í sí wọn lẹ́nu. Ọrùn mi ni kí ẹ gbé e kọ́."

Kò sẹ́ni tó ní halelúyà. Màmá kò gbé orí sókè. Lẹ́yìn ìsìn, Wòólì Samuel lọ bá a níbi tó jókòó sí, ó ní, "Ìyá, ẹ̀rí yẹn ti kúrò lọ́rùn yín. Ẹ lọ tọ́jú ara yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn obìnrin méjì náà ti mú màmá dé garéèjì kí Dorcas tó dé. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Dorcas lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo gèlè rẹ̀ títí wọ́n fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n tẹ́ màmá sórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ti ẹ̀rọ kan wọlé, ẹ̀rọ òyìnbó, funfun báláú, ó so irin mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ìlà náà yọ. Ó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró bí ẹni gbàgbé nǹkan, ó tún sáré fò. Dorcas dúró lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì.

Màmá wo ìlà náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ kan, ó sì já irin ọwọ́ kejì kúrò. Ìlà náà dàrú, ó di játijàti.

"Ẹ̀yin Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" ni nọ́ọ̀sì ké.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni." Màmá na ọwọ́ náà padà sí i. "Ẹ so ó, ọmọ mi. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Nọ́ọ̀sì so ó. Ọkàn màmá padà sójú gíláàsì, ó ń fò, ó ń dúró.

"Dorcas," ni màmá wí, kò wẹ̀yìn, "lọ jókòó síta."