Àgbọ̀n Àwọn Volusius

Nílé Volusius ní Róòmù, àwọn òkú ni àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Inú àpótí ara ògiri ni wọ́n wà, ojú àwọn baba ńlá tó ti joyè ìlú rí, tí wọ́n fi ìda mọ. Bí ẹnìkan bá kú nínú ẹbí, àwọn òṣèré á gbé ojú wọ̀nyí wọ̀, pẹ̀lú ti òkú náà fúnra rẹ̀, wọn á sin òkú náà dé gbàgede ìlú, kí ayé lè rí irú ẹni tó ń lọ.

Àgbọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ní, ó yọ síwájú bí imú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní àgbọ̀n yẹn nìkan ti lé ọ̀tá sá rí. Àna mi Volusius, tó ṣe olórí ìlú fún ọdún kan tí kò sì jẹ́ ká gbàgbé oṣù kankan nínú rẹ̀, kò ní àgbọ̀n rárá. Ọrùn rẹ̀ kàn ń gòkè lọ títí ó fi di ètè.

Nígbà tí ikọ́ mú un tí kò lọ mọ́, ó ránṣẹ́ pe Hilarus tó ń fi ìda mọ ojú. Ó ní kó mọ ojú òun sílẹ̀, kó sì fi àgbọ̀n àwọn baba òun sí i. Hilarus kò jiyàn. Bó ṣe máa tóbi tó nìkan ló bèèrè.

Pacuvia, ìyá ìyàwó mi Volusia, wo iṣẹ́ náà títí.

“Bàbá Volusia, ta rèé?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé yín kọjá, ojú yín ni mo fẹ́ rí kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sunkún àlejò.”

Ó ní òun á rò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé ojú ìda náà wọ̀ wò, ó sùn gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún àgbàlá, oorun sì gbé e lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ́ àlá náà fún mi. Ó ní omi adágún dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn àpótí ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ọwọ́ tó kàn wọ́n. Àwọn baba ńlá jáde nínú aṣọ funfun, wọ́n jókòó yí i ká. Èyí tó dàgbà jù fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ìkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ọrùn wọn sì ń gòkè lọ títí ó fi di ètè.

“Ẹni tó bá ọ mọ tìẹ,” ni àgbà náà bi í, “ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe?”

Nígbà tó jí, oòrùn ti kan ojú rẹ̀. Ìda ti rọ̀, àgbọ̀n ti já bọ́ sí àyà rẹ̀. Pacuvia ló jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó sọ.

Volusius dìde. Ó lọ ṣí àpótí baba ńlá tó dàgbà jù, ó fi àtàǹpàkò wá abẹ́ ètè rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ àgbọ̀n mọ́ ọn wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú. Mo rò pé ara á tù ú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Hilarus.

“Lẹ̀ ẹ́ padà. Jẹ́ kó le dáadáa. Ṣé èmi ni màá wá dá òótọ́ sílẹ̀ nínú ilé yìí?”

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ka ìtàn àwọn alágbára ìlú wa, àtàǹpàkò mi á máa wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

Ìgbà òtútù ni Volusius kú. Àwọn àgbọ̀n ń kọjá níwájú wa bí ọkọ̀ tó ń wọ èbúté. Pacuvia di apá mi mú, ó ń wò láti ojú kan dé òmíràn.

“Ọkọ ọmọ mi, èwo ni tèmi?”

N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn òṣèré náà wúkọ́ bí àna mi ṣe máa ń wúkọ́, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bó ṣe máa ń wọ́ ọ. Pacuvia kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń wò, ó ń sunkún, títí òṣèré náà fi yà ní kọ̀rọ̀.