Ẹlẹ́rìí Fún Ẹni Tí A Ti Sin

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin Ọláwuyì. Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà dé pé kò kú.

Orí ẹní opó ni Moríyọ̀, ìyàwó rẹ̀ tó bí Bọ́láwùmí fún un, wà nígbà tí wọ́n mú lẹ́tà náà wọlé. Wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro. Òun nìkan ló mọ̀wé kà nínú agbo ilé náà, nítorí ó ka ìwé dé kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Nítorí náà, òun opó ni wọ́n ní kó ka ìwé tó sọ pé kì í ṣe opó.

Lọ́yà kan ní Èkó ló kọ ọ́. Olúsọjí lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gba ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ rò. Ó ní okùn irin já nínú ọkọ̀ tí Ọláwuyì ń bá ṣiṣẹ́, ẹrù sì já lu ọkùnrin méjì mọ́lẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀. Ọ̀kan kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún èkejì ní ọsibítù. Èkejì yìí ni Ọláwuyì. Àwọn ọlọ́kọ̀ ló ṣì í, tí wọ́n fi orúkọ alààyè pe òkú nínú wáyà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlá, ìlú rẹ̀. Nísinsìnyí, wọn kò fẹ́ gbà pé àwọn ṣì í. Wọ́n ní Ọláwuyì ti kú, ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń pariwo yìí kàn fẹ́ jẹ ẹ̀tọ́ olóògbé ni. Kí ìyàwó rẹ̀ wá búra níwájú adájọ́ ní Òṣogbo ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ pé ọkọ òun gan-an ni. Akọ̀wé lọ́yà yóò mú Ọláwuyì gba Ìlá kọjá kí wọ́n lè jọ lọ. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí láti ilé, ẹjọ́ ti kú nìyẹn.

Nígbà tí Moríyọ̀ kà á tán, Ògúnwálé, àbúrò baba Ọláwuyì tó jẹ́ olórí ilé, ń wo ilẹ̀.

Ohun tí wọ́n sin ni irun àti èékánná. Lọ́jọ́ tí Ọláwuyì ń lọ sí Èkó, Àjọkẹ́ ìyá rẹ̀ gé wọn lára rẹ̀, ó sì fi wọ́n sínú ìkòkò kékeré, nítorí ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, èyí ni wọ́n fi ń mú un wálé. Nígbà tí wáyà dé, Moríyọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dúró de lẹ́tà. Ògúnwálé kọ̀. Ó ní òkú ìdálẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró sí ojú ọ̀nà títí ọjọ́ ọjà yóò fi kọjá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá Ọláwuyì, wọ́n fi aṣọ funfun di irun àti èékánná náà, wọ́n sin ín. Ògúnwálé pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi wáyà dá àwọn ọlọ́kọ̀ lóhùn pé, a ti sin ín.

“Baba,” Moríyọ̀ wí, “ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Kò kú.”

“Ìwé lo kà, ìyàwó, o ò ka ilẹ̀,” ni Ògúnwálé dáhùn. “Bí kò bá tilẹ̀ kú nínú ọkọ̀, ó kú ní Ọjọ́bọ̀. Àwa la sin ín. Ẹni tó ń bọ̀ yẹn, akúdàáyà ni.”

Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìlá: òkú tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń ṣòwò, títí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú yóò fi fojú kàn án. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò pòórá.

Ẹ̀rù mìíràn ni ti Àjọkẹ́. Ó di ọwọ́ Moríyọ̀ mú. “Bó bá jẹ́ akúdàáyà náà, ìyàwó, ó ń mí níbì kan. Jẹ́ kó máa mí. Bí o bá lọ wò ó, o pa á nìyẹn. Bí o bá sì fi lè bọ́ aṣọ opó yìí kúrò lára, má padà wọ ilé yìí mọ́. Mo bẹ̀ ọ́ o, má lọ.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti lọ sóko, ó ku Moríyọ̀ nìkan nílé. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n gbẹ́. Kì. Ó dákẹ́. Kì. Ìró ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹsẹ̀ méjì kì í jìnnà síra báyẹn. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹnì kan, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ kan wà lórí erùpẹ̀ tútù náà, ẹsẹ̀ òsì, ìka rẹ̀ dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá a rẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ó tún wà níbẹ̀. Ó tún gbá a. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Adéníran akọ̀wé lọ́yà dé, eruku ọ̀nà ti sọ irun rẹ̀ di funfun.

“Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú ọyẹ́ o! Mo ti gbé òkú yín dé o,” ni ó wí. “Òkú tó jẹ àkàrà mẹ́fà ní Ìkìrun, tí kò fi ẹyọ kan lọ̀ mí! Gbogbo Èkó ń kun ilé de Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, èmi wá ń gbé òkú kiri inú lọ́rì.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun náà tún ojú ṣe. Ó ní àwọn ọkùnrin ilé ti dá lọ́rì dúró lẹ́yìn ìlú, wọ́n yíjú kúrò kí wọ́n má baà rí ẹni tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ní Ọláwuyì kò gbọdọ̀ wọlé. Ó ti wà nínú abà kan lẹ́bàá ọ̀nà.

“Wáyà tí ẹ fi dá àwọn ọlọ́kọ̀ lóhùn ni wọ́n ń fi gbá wa lójú,” ni ó sọ fún Moríyọ̀. “‘A ti sin ín.’ Ìyá Bọ́láwùmí, ẹ̀yin nìkan ló kù. Bí ẹ kò bá wá, kò lẹ́sẹ̀, kò sì lórúkọ.”

Moríyọ̀ dìde nínú aṣọ opó rẹ̀. Àjọkẹ́ dojú bolẹ̀ kó má baà rí i bó ṣe ń jáde.

Ọyẹ́ ti bo gbogbo oko, igi tó wà níwájú ẹni kò hàn títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ú. Ọkùnrin kan jókòó nínú abà náà, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, igi méjì tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Moríyọ̀, má wọlé,” ni ó wí. Kò wẹ̀yìn. “Má wò mí. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan ná. Ní Ọjọ́bọ̀, lórí ibùsùn ọsibítù, erùpẹ̀ kún ẹnu mi. Mo tutọ́ títí. Nọ́ọ̀sì wo ẹnu mi, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kan wá ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí n máa lọ, kí n má wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, ọrùn mi kò yí mọ́.”

“Ohùn ta ni?”

“Ohùn Baba Ògúnwálé.”

Moríyọ̀ mọ̀ pé kò tíì sí ẹni tó lè sọ èyí fún un.

“Ṣé mo ti kú ni?” ni Ọláwuyì béèrè, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé. “Bí mo bá ti kú, má lọ búra nítorí mi. Padà sílé, kí ìyá mi má baà lé ọ jáde. N óò ní kí Adéníran máa gbé mi lọ.”

Moríyọ̀ wọlé. Ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀ kedere. Ọláwuyì di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, ó ń dúró de kí òun pòórá. Ètè rẹ̀ ti sán. Moríyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi odò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni kì í tutù nínú ọyẹ́?

“Ṣé mo ṣì wà?” ni ó béèrè, kò tíì lajú.

“N kò mọ̀ bóyá ẹ ti kú tàbí ẹ kò kú, Baba Bọ́láwùmí,” ni Moríyọ̀ dáhùn. “Ṣùgbọ́n n óò bọ́ aṣọ opó yìí, n óò bá yín lọ sí Òṣogbo, n óò sì búra níwájú adájọ́ pé ẹ̀yin ni Ọláwuyì, ọkọ mi.”