Èémí Inú Iná Ọkọ̀

Rewáyà, oníṣẹ́ wáyà ọkọ̀, tú iná iwájú ọkọ̀ kan kúrò, ó gbé e sórí tábìlì. Omi wínníwínní ti bo inú gíláàsì rẹ̀.

“Mọ̀mí, ta ló fi gọ́ọ̀mù dí ihò tí iná yìí fi ń mí?”

“Ọkọ mi ni,” ni obìnrin tó gbé ọkọ̀ wá wí. “Olóríkunkun ni. Ó fi ẹnu fẹ́ eruku inú ẹ̀, ó sì dí i pinpin.”

“Á jẹ́ pé èémí Dádì ló di omi yìí.”

Rewáyà ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò mọ̀ pé Dádì ti kú, pé rédíò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nílé wọn báyìí.

Bó ṣe fẹ́ ṣí ihò náà, obìnrin náà ní kó dúró. Ó gbé imú sún mọ́ ọn dáadáa, ó ní kó wá ṣí i.

Òórùn gọ́ọ̀mù nìkan ló gbọ́.