Ta Ni "Wọ́n"?

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, ṣọ́ra fún ọ̀wọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ. Bí ọ̀gá bá ní kí o wá sọ tinú rẹ, kọ́kọ́ wo iye àgbà tó wà níbi iṣẹ́ yín. Bí kò bá ju ẹyọ kan lọ, pa ẹnu rẹ mọ́. Mo ti kìlọ̀. Mi ò sọ pé ọ̀gá kankan burú o. Mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ìtòsí Inísà ló wà, gàrí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Keziah ni obìnrin náà ń jẹ́, Màmá Ìrètí ni wọ́n ń pè é. Ìkìrun ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìrètí wà l'Ékòó, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pè. Gàrí ló ń dì sínú ọ̀rá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kù tó fi ṣe ará ilé: wọ́n á jọ jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, títí ilẹ̀ á fi ṣú tí yóò lọ sílé lọ bá ògiri.

Ọmọbìnrin kan, Àánúolúwa, ló ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rin ín. Lọ́jọ́ kan, bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà gbá síkáàfù ọrùn rẹ̀ mú, ó fà á ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Orí ló yọ ọmọ náà.

"Àánú, ẹ̀rọ yìí fẹ́ fi ọ́ ṣaya o!" ni àwọn yòókù ń wí.

"Kó kọ́kọ́ wá san owó orí mi," ni Àánúolúwa dá wọn lóhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún na ọwọ́ ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Keziah rí ọwọ́ náà.

Bàbá Akínyẹlé, ará Òkukù, ni mẹkáníìkì ibẹ̀. Àwọn nìkan ló ju Keziah lọ lọ́jọ́ orí ní gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n pe Keziah sẹ́yìn ilé, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ìwọ ọmọ yìí, irin kan ló ń bo bẹ́líìtì yẹn tẹ́lẹ̀. Dàmọ́lá ní kí n tú u dànù, ó ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ni yóò mú, kì í ṣe aṣọ."

Dàmọ́lá ni súpáfáísọ̀ wọn, ọmọ tí Keziah lè bí.

"Bàbá, ẹ ò ṣe sọ fún ọ̀gá àgbà?"

"Èmi? Ta ni yóò fún mi níṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú ewú orí yìí? Jẹ́ kó kú sí ọ nínú."

Kò kú sí i nínú. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ, ọwọ́ Àánúolúwa ló ń rí.

Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gá Káyọ̀dé, wá láti Ìkìrun lọ́sẹ̀ náà. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó gbàdúrà, ó ní: "Ohunkóhun tó bá ń dùn yín, ẹ wá bá mi. Ẹ má bẹ̀rù. Ṣé bàbá á pa ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó sọ̀rọ̀?" Gbogbo wọn ṣe àmín.

Keziah nìkan ló lọ. Ó bá Dàmọ́lá níjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá. Ó fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Màmá Ìrètí. Ẹ jókòó. Kí ló dé?"

"Kò sí, sà." Ó wo Dàmọ́lá, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀rọ yẹn ni, sà. Wọ́n ní ó yẹ kí irin bo bẹ́líìtì yẹn. Wọ́n ní yóò gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́."

"Wọ́n?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ni wọ́n? Àbí ẹ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mi?"

Kò sí ọ̀rọ̀ tó burú tó "ẹgbẹ́" níbẹ̀. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ rí, wọ́n lé wọn, oko ni wọ́n ń ro ní Ìbà báyìí.

"Rárá o, sà! Kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n, sà."

Ọ̀gá wo Dàmọ́lá, Dàmọ́lá wo ọ̀gá. Ẹnì kan ṣoṣo, tí Màmá Ìrètí ń pè ní wọ́n. Àwọn yòókù níbi iṣẹ́, "ó" ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀, títí kan Dàmọ́lá. Wọn ò béèrè orúkọ mọ́.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà," ni ọ̀gá wí. "Irú yín la fẹ́ níbí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irin ti bo bẹ́líìtì, wọ́n tilẹ̀ ti kùn ún lọ́dà. Bàbá Akínyẹlé ni ò sí. Dàmọ́lá ní wọ́n ti dàgbà, kí wọ́n lọ sinmi.

Lọ́sàn-án, Keziah jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àánúolúwa gbé abọ́ rẹ̀, ó dìde.

"Àánú, kí ló dé?"

"Kò sí, mà. Oòrùn ni."

Oòrùn kì í dé ibẹ̀. Ẹnì kan sọ lẹ́yìn wọn pé: "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ o, Wọ́n ti jókòó!" Ẹ̀rín sọ. Dàmọ́lá ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Láti ọjọ́ náà, Wọ́n lorúkọ rẹ̀. Bó bá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà: "Wọ́n ń bọ̀!" Bó bá kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Yóò di gàrí títí wọn á fi ṣíwọ́, kò sẹ́ni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ àfi ariwo ẹ̀rọ. Bó bá délé, á tẹ nọ́ńbà Ìrètí. Fóònù á dún, á dún, á dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ra búrẹ́dì, ó wọ mọ́tò Òkukù. Nígbà tí wọ́n dé tòsí Inísà, ó fi gèlè bojú títí mọ́tò fi kọjá ilé iṣẹ́.

Ó bá Bàbá Akínyẹlé lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi epo nu ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàbá."

Bàbá gbójú sókè. Àwọn tí wọn kì í pè é ju "ìwọ ọmọ yìí" lọ, wọ́n ní: "Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ẹ" yẹn dùn ún ju ìgbátí lọ.

"Bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò dárúkọ yín."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò dárúkọ mi."

"Ẹ wá bá mi sọ fún àwọn Àánúolúwa. Wọ́n á gbọ́ tiyín. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, sà."

Bàbá fi àkísà nu ọwọ́ pẹ́. "Ṣé wọ́n ti dá irin yẹn padà?"

"Wọ́n ti dá a padà, sà."

"Ọwọ́ ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà bó ṣe wà, sà. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

"Ó dáa." Ojú wọn rọ̀ díẹ̀. Keziah sún mọ́ wọn, ó ń retí "ìwọ ọmọ yìí". Ọ̀kadà kan kọjá lójú ọ̀nà. Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí ó fi lọ, wọ́n sì fa àga wọn sẹ́yìn.

"Bàbá?"

"Ẹ gbé búrẹ́dì yín, mà, kí òjò tó ká yín mọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ lẹ́yìn ilé ló gbé mi jókòó síbí. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."