Ewé Tí Olúfúnṣọ́ Fi Sùn

Ká sọ òótọ́, Olúfúnṣọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ta ló ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn wá sí Adó nígbà tí mọ́tò kún gáréèjì? Ọdún 1978 la wà, akọ̀wé ìjọba sì ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń jókòó sórí àga látàárọ̀ dalẹ́ kò lè gun òkè Ẹ̀fọ̀n, lòun náà bá búra pé òun nìkan lòun ó gùn ún, àti pé òun ò ní sùn sábẹ́ òrùlé ẹnikẹ́ni títí òun ó fi wọ ilé bàbá òun ní Òkè-Ìlá, nínú Adó. Agídí ọkùnrin yìí pọ̀ jù.

Ó kúkú gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Òru méjì ló ti fi sùn sínú igbó lábẹ́ tapólì kékeré tó dì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti kọjá Ìgèdè, ó ku díẹ̀ kó dé Ìyìn, ni táyà ẹ̀yìn bá jò, ilẹ̀ ṣú, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní làákàyè á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé Ìyìn, á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fún un ní ẹní. Olúfúnṣọ́ rántí ìbúra rẹ̀. Ó yà kúrò lójú títì, ó gbé kẹ̀kẹ́ sínú koríko, ó ta tapólì sáàárín igi méjì, àmọ́ ilẹ̀ ti rin gbindin. Ó ń táràrà kiri nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ bá ba ewé tí wọ́n kó jọ sẹ́nu ọ̀nà oko kan nítòsí. Ó wọ́ gbogbo rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ, ó sùn lé e. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé òun rí ibùsùn.

Nǹkan líle kan tó ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló jí i. Òjò ti dá, àkùkọ ò tíì kọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó tú ewé náà wò, ó sì fa igi kékeré kan jáde. Aṣọ pupa wà lórí igi náà, wọ́n so èèpo ọta ìbọn mọ́ ọn.

Ojora mú un. Kò sí ọmọ Èkìtì tó ti bá bàbá rẹ̀ lọ sóko rí tí kò mọ nǹkan yìí. Bí ọdẹ bá dẹ ìbọn sójú ọ̀nà, tó na okùn dábùú rẹ̀ kí ẹran lè fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ewé àti aṣọ pupa ló fi ń dí ẹnu ọ̀nà, kí ènìyàn lè rí i kó padà. Olúfúnṣọ́ mọ̀ ọ́n láti kékeré. Òjò àti òkùnkùn ni kò jẹ́ kó wo ohun tó ń wọ́.

Ó kó ewé náà mọ́ àyà, ó sáré lọ dá a padà. Ibẹ̀ ni iná tọ́ọ̀ṣì ti bọ́ sórí ẹrẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, kékeré, ó wọ inú ọ̀nà lọ, kò sì padà. Òjò ò pa á rẹ́. Ẹnìkan ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá níbi tó ti ń hanrun.

Ìbọn ò ṣáà tíì dún. Ó da ewé tó ti rún náà sínú koríko, ó wọ ọ̀nà náà lọ, ó ń tan iná síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e. Ẹ̀rù ń bà á gidi. Kò pẹ́ tó fi rí àtùpà kan níwájú tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, tó ń lọ sílẹ̀, tó tún ń gòkè. Obìnrin ni, ó ń ṣa ìgbín. Lẹ́yìn òjò ni ìgbín ń jáde, ẹni tó bá sì tètè dé ló ń rí i ṣà.

Olúfúnṣọ́ pariwo pé kó dúró. Ẹ gbà mí, obìnrin wo ló máa gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú igbó lóru tó máa dúró? Ó fẹ́ àtùpà pa, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, síwájú, síbi tí ìbọn wà.

Kíá ni Olúfúnṣọ́ fi èdè Ìbàdàn sílẹ̀, ó bọ́ sí Èkìtì pọ́ńbélé. Ó ké orúkọ ara rẹ̀, ó ké ti bàbá rẹ̀, Bámidélé tíṣà ní Òkè-Ìlá, ó ké ti ìyá rẹ̀, Monínúọlá, ọmọ Ìyìn. Ó fi Jésù bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé ẹsẹ̀ mọ́. Eré náà dúró.

“Kí lo fẹ́?” Obìnrin náà ló béèrè bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn.

“Ìbọn ọdẹ wà lójú ọ̀nà. Ẹ má mira.”

“Irọ́ lò ń pa. Mo wo ẹnu ọ̀nà kí n tó wọlé, kò sí ewé níbẹ̀. Bàbá mi ló ń dẹ ìbọn nínú igbó yìí. Kò dẹ ẹ́ láìfi ewé sílẹ̀ rí.”

Ojú ń ti Olúfúnṣọ́ débi pé ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó sì gbọ́ tí ewé tún ń dún lẹ́sẹ̀ obìnrin náà.

“Èmi ni mo kó ewé yẹn,” ó ní. “Mo fi sùn.”

Olúfúnṣọ́ rọra sún mọ́ ọn, ó tan iná sí i. Okùn ìbọn ti lẹ̀ mọ́ etí ìró obìnrin náà tó tutù, ó le dan-in dan-in, ẹnu ìbọn sì kọjú sí ikùn rẹ̀. Obìnrin náà ló ní kó tan iná sí okùn, kó sì kọjú sẹ́yìn. Ó tú ìró náà, ó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ilẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó gbé èkejì. Ìbọn ò dún.

Nígbà tí wọ́n dé etí títì, Olúfúnṣọ́ fún un ní tapólì ró, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà, Àyọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, kò ní kó dìde. Ó sunkún tó. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

“Bàbá mi ti ń gbàgbé nǹkan lọ́dún yìí. Lóṣù tó kọjá, ó wò mí lójú, kò rántí orúkọ mi. Bó bá wá wo ìbọn rẹ̀ láàárọ̀, tó rí ìró mi níbẹ̀, tí kò rí ewé, á rò pé òun ló gbàgbé ewé, bí èmi bá sì sọ pé òun kọ́, á ní mò ń tu òun nínú ni. Dúró dè é. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ.” Ó gbọ̀nà Ìyìn lọ.

Mi ò ní torí rẹ̀ parọ́: Olúfúnṣọ́ rò ó pé kóun sá lọ. Adó ò jìnnà mọ́, ọdẹ sì lè fi àdá dá sẹ̀ríà fún un. Síbẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà oko náà gẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé.

Ilẹ̀ mọ́ tán kí Bàbá Ajíbádé, bàbá Àyọ̀kẹ́, tó gba ọ̀nà àbùjá yọ láìpàdé ọmọ rẹ̀, àgbàlagbà tó ti tẹ̀, àdá lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ wo Olúfúnṣọ́. Ẹnu ọ̀nà tó wà gbalasa ló ń wò. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

“Mo gbàgbé,” ó ní. “Ibí ni Àyọ̀kẹ́ ti ń ṣa ìgbín. Mo ti pa ọmọ mi.”

Olúfúnṣọ́ kúnlẹ̀ tì í. “Ẹ ò gbàgbé, Bàbá. Ó wà láàyè, ó ti lọ sílé. Ẹ fi ewé sílẹ̀. Èmi ni mo kó o.”

Bàbá náà di apá rẹ̀ mú, ó ní kó tún un sọ. Olúfúnṣọ́ tún un sọ, ó sì ń sọ ọ́ lọ títí bàbá náà fi jọ̀wọ́ apá rẹ̀.