Ojú Òsì Mofolúwakẹ́

Láti kékeré ni omi ti ń dà lójú òsì Mofolúwakẹ́. Ní 1988, ọdún tó wọlé ọkọ, dókítà kan ní Ìkìrun ya fọ́tò orí rẹ̀. Ó ní egungun kékeré kan tó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja ló wà láàárín ojú àti imú. Tàwọn ẹlòmíì ní ihò tí omijé ń gbà wọnú imú, tòsì tirẹ̀ ò ní. Kì í ṣe àrùn, bí Ọlọ́run ṣe mọ ọ́n nìyẹn. Olúwọlé ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, tílẹ̀ bá ti mọ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú yẹn, á ní, "Ta ló tún nà ọ́?"

Lọ́dún kẹta, bọ́ọ̀sì tí Olúwọlé wọ̀ láti Òkukù gbókìtì. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé délé ní Inísà.

Mofolúwakẹ́ di opó. Ẹ ṣáà mọ àṣà ilé wa: ìdájí ni opó ń jí sunkún ọkọ rẹ̀, kí àdúgbò gbọ́. Ó jókòó lórí ẹní, ó lanu, ohùn jáde, àmọ́ kò dùn ún rárá. Inú rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Omi ń dà lójú òsì bó ṣe ń dà tẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin ilé sì ń pariwo, "Pẹ̀lẹ́ o, ó tó, má fẹkún para ẹ!" Háà! Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ìyá Olúwọlé nìkan ló mọ̀, torí òun ló tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Láràárọ̀ ló ń wá jókòó sápá ọ̀tún opó náà, á tẹjú mọ́ ojú ọ̀tún tó gbẹ. Ẹ̀rù ba Mofolúwakẹ́ pé ìyá á máa rò pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó fún ojú náà pọ̀, ó tìka bọ̀ ọ́, ó rántí pósí. Kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó sú u, ó kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹkún ni ò wá."

Ìyá fà á dìde jókòó.

"O rò pé mò ń ṣọ́ ọ ni? Èmi tí mo bí i ńkọ́, o rí omi lójú mi? Mo ní kí n máa wò ó, pé tí tìẹ bá bẹ̀rẹ̀, bóyá tèmi náà á tẹ̀ lé e."

Ó sún mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú òsì yẹn. Kò béèrè ẹni tó nà án. Omi tún dà, ó tún nù ún. Ibẹ̀ nilẹ̀ mọ́ bá wọn sí, ojú kan ṣoṣo ló ń bá àwọn méjèèjì sunkún.