Páálí Kejì

"Ẹ tún un kà fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má fo nǹkan kan."

Ọkùnrin náà fi èjìká gbé fóònù mọ́ etí. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá, tíì rẹ̀ sì ti tutù.

"Ó ní: 'Àṣìṣe kẹtàdínlógún. Wo ìwé ìlò.' Mo tẹ ibi ìwé ìlò, ó ní kò sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tẹ ibẹ̀. Ta ló jí ìwé mi?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ìlú kékeré kan. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ náà. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Láti aago mẹ́fà ni omi ti dá. Ọ̀gá tuntun ń bọ̀ lọ́sàn-án, òun náà ló sì sọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé bàbá tí kò lè ṣiṣẹ́ láìwo ìwé, kó lọ sinmi nílé. Ó ku ọdún méjì kí ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì.

Àbúrò mọ ẹni tó jí ìwé.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa di fáìlì ètò sí ohun tí wọ́n ń pè ní páálí fún àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ń lo ètò ìpìlẹ̀ Linux, kí wọ́n lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn láìsí wàhálà. Lóṣù tó kọjá, àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kéré ráhùn pé páálí ètò tó ń darí ẹ̀rọ omi wúwo jù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ìlò àti àwòrán inú rẹ̀ wúwo ju ètò fúnra rẹ̀ lọ. Ó yọ ìwé náà, ó dì í sí páálí kejì: ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá a. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìn ín. Ó wá gbé páálí kìn-ín-ní sínú fílàṣì kọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Kò rántí èkejì.

"Èmi ni," ó wí.

"Ìwọ kí ni?"

"Èmi ni mo yọ ìwé náà. Ó wà nínú páálí mìíràn. Mi ò fi ránṣẹ́ sí yín."



"O ra bàtà fún arúgbó, o gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. O káre."

"Ẹ má bínú."

"Ìbínú kì í fa omi. Kà á."

Ó kà á. Ojú ìwé mẹ́rin ló sọ ohun tí a ń ṣe bí ẹ̀rọ bá dá.

"Ẹ ti fáàfù ẹ̀yìn."

"Ó ti le. Dúró ná… Mo ti tì í."

"Ẹ tú ìdérí òkè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ ka ogún."

Ẹ̀gbọ́n ń kà sókè. Ohùn yìí náà ló fi kọ́ ọ ní ònkà nígbà tí kò tíì ga tó tábìlì. Lẹ́yìn ogún, ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fáàfù. Nígbà kẹta, ó kùn, kò sì dákẹ́ mọ́.

"Omi ti dé," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Tí ọ̀gá bá bi yín ńkọ́?"

"Màá ní mo wo ìwé. Ìwọ ni ìwé lónìí. Ṣùgbọ́n ìwọ máa ń sùn, àbúrò. Ìwé kì í sùn."

Ó gé fóònù.

Ọkùnrin náà mu tíì tútù. Ó pe obìnrin tó jẹ́ olórí wọn níbi iṣẹ́, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ tún fẹ́ dá gbogbo ẹrù yẹn padà?"

"Rárá, mà. Àwọn tó ráhùn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dá kò ní ráyè wá páálí kejì."

"Ó dáa. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀."

Ó yọ àwòrán kúrò lára ojú ìwé mẹ́rin tó kà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún páálí méjèèjì dì, ó kó wọn sínú fílàṣì kan, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i lára.

Ojú ìwé mẹ́rin yẹn nìkan ló padà sínú páálí kìn-ín-ní. Igba ó lé mọ́kànlá ló kù sínú èkejì.